Ayò Tí Mo Fi Sọ Bàbá Wa Di Òpè

Ẹ̀yin àbúrò mi méjèèjì, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ọ̀la ni dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, kò sì ṣèlérí pé màá jí. Òtítọ́ kan wà nínú mi tí n kò gbọdọ̀ gbé wọ yàrá yẹn. Orí Bàbá wa kò dàrú rí. Èmi ni mo sọ ọ́ di òpè, èmi náà ni mo sì jẹ́ kí ẹ gba ayùn káfíńtà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ mọ eré tí mo ṣe fún iléeṣẹ́ wa, èyí tí èèyàn ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí á máa dá ta, tí ẹ̀rọ á sì máa bá a díje. Inú ayò tí Bàbá gbẹ́ fún wa ní kékeré ni mo ti fà á yọ. Ó jọ dírááfù ju ayò oníhò lọ: ọmọ méjìlá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, a ó fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí ní ìkọ̀kọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ olórí ẹnì kejì ló borí. Ta ló bá Bàbá ta á rí tó jẹ olórí rẹ̀? Ọ̀ta ayò paraku ni. Ohun tó kù fún mi ni kí n kọ́ ẹ̀rọ láti máa fura bí èèyàn: kó wo ọmọ tí ẹni yẹn ń dáàbò bò, kó wo èyí tó ń bẹ̀rù láti gbé. Mo gbìyànjú títí, ẹ̀rọ náà ń ta bí ẹni tó ń tòògbé. Mo yí òfin padà, mo dín ilé orí ọpọ́n kù, pàbó ni. Ọ̀gá wa sì ti ní òun fẹ́ ta á wò. Ni mo bá kọ ìlà kan sínú rẹ̀, pé kó máa yọjú wo ọmọ tó jẹ́ olórí. Ojú kò tì mí. Mo tún kọ́ ọ ní àgàbàgebè: kó máa rìn yíká díẹ̀, bíi pé ó ń ronú, kó tó fò mọ́ olórí. Ọ̀gá ta á, ó fìdí rẹmi, ó gbá tábìlì. "Ẹ̀rọ yìí gbọ́n o! Báwo lo ṣe ṣe é?" Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe nǹkan gidi. Mo ní tó bá yá màá yọ ìlà yẹn kúrò. Tó bá yá ọ̀hún kò yá.

Èmi fúnra mi ni mo ṣí i fún Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láàárín èérún igi àti òórùn fáníìṣì. Mo fẹ́ kó yìn mí ni. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí ọpọ́n rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ta, ó pòfo. Ó tún ta, ó tún pòfo. Lọ́jọ́ kan ó pè mí kí n wá wò ó. Ó fi olórí sí igun ẹ̀yìn pátápátá, ibi tí òpè gan-an kò ní fi sí. Ẹ̀rọ náà rìn yíká, ó sì lọ bá a níbẹ̀. Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi ló ń tú àṣírí mi fún un." Ọmọ orí ọpọ́n ló ń bá wí. Èmi ọmọ tó bí sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ lo ṣe é. Ṣé kì í yọjú ni?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá. Ọjọ́ orí ni." Ó ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí pákó rẹ̀.

Àtìgbà náà ló ti ń wọn pákó ní àwọ̀ntúnwọ̀n, tó sì tún ń gé e kù. Ẹni tí kò fọkàn tán orí ara rẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ kì í sí lára ayùn tó ń fà. Nígbà tí ayùn gé e ní àtàǹpàkò, ẹ pe ìpàdé. Ìwọ tó tẹ̀lé mi, ìwọ lo bi mí pé, "Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ ṣe eré yìí. Bàbá ní gbogbo ìgbà lòun ń pòfo. Ṣé ó le tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ náà, mo fọwọ́ ara mi tì í. Mo ní, "Kò le rárá. Ọmọdé ń borí rẹ̀." O bú sẹ́kún. Àbíkẹ́yìn wa kó ayùn àti ìfági lọ, ìwọ sì mú Bàbá lọ sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ, níbi tó ti ń bi ọ́ bóyá òun ti jẹun. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà ilé wa, orí bàbá tó bí mi ni mo ń wò tó fi wọ́.

Lónìí, ìwọ tí Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ mú un wá wò mí ní ọsibítù. Nígbà tí o jáde lọ ra omi, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀rọ yẹn ń yọjú. Èmi ni mo kọ́ ọ. Orí yín pé." Mo rò pé á gbá mi létí, mo tiẹ̀ fẹ́ kó gbá mi. Ńṣe ló fọwọ́ pa mí lórí. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́," ó ní. "Nínú àìsàn yìí náà, irọ́ tí o máa fi tù mí nínú lò ń wá." Mo búra. Ó ní kí n máa sinmi. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, torí pé èmi ni mo ń tà á.

Ẹ dárí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ọmọ yín kan bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹ sọ fún un pé ẹ̀rọ tó ń pòfo kò dójú ti ẹnikẹ́ni. Mo ti yọ ìlà yẹn kúrò látorí bẹ́ẹ̀dì yìí. Bí n kò bá jí, ẹ má tíì sunkún mi. Ẹ lọ bá Bàbá lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sọ fún un pé orí rẹ̀ pé. Á gbà á lẹ́nu yín. Ẹ̀yin kò purọ́ fún un rí.