Gíríìsì Ni Mo Wọ̀n

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láàárọ̀ àná láti lọ wọ reluwé ní stéṣọ̀n Abbey Wood, bàbá kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ń bá nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í níwájú mi sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn bí irin ojú ọ̀nà reluwé ṣe jẹ tó. Tó bá jẹ jù, ọkọ̀ á máa mì, ó sì lè yẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbi kọ́nà kan nítòsí stéṣọ̀n tá à ń lọ yìí, mi ò nu gíríìsì ara irin kúrò kí n tó gbé gééjì tí mo fi ń wọ̀n ọ́n lé e. Gíríìsì ni mo wọ̀n, kì í ṣe irin."

"Daddy, kí lẹ wá kọ sílẹ̀?"

"Pé ó ṣì dáa."

"Ẹ ò tíì sọ fún ọ̀gá yín?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì, ọmọ mi. Jẹ́ kí n ṣáà lọ láìsí wàhálà."

Bọ́ọ̀sì dé stéṣọ̀n. Nọ́ọ̀sì dìde láti lọ wọ reluwé, ó wo bàbá náà, ó tún padà jókòó.

Èmi náà ò sọ̀kalẹ̀.