Oúnjẹ Tí Mo Fún Banksia Nerida

Ìwọ tó ń kà á, mo kìlọ̀ fún ọ: bí ẹnìkan bá fi igi rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́, tó ní omi nìkan, omi nìkan ni kí o fún un. Èmi Lyle Tranter, mi ò kàwé lọ títí, ẹ̀rù sì ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ yìí ti há mi lọ́fun. Ó gbọ́dọ̀ jáde.

Nerida Pascoe ló kọ́ wa ní Kiama, ìlú wa létí òkun, níṣẹ́ bonsai, bí wọ́n ṣe ń tọ́ igi ńlá nínú àwo pẹlẹbẹ kó má ju ọmọ ọwọ́ lọ. Igi Japan ni àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ bonsai wa ń gbé wá sí ìpàdé. Igi ilẹ̀ wa ni tirẹ̀. Vern, alága wa, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Nerida, gbé igi ìdáná rẹ kúrò lórí tábìlì, ká ríbi gbé tíì sí!" Òun náà á ní, "Vern, igi ìdáná yìí á ṣì dúró nígbà tí wọ́n bá ti sun òkú rẹ." Ẹ̀rín á sọ.

O ò bá rí banksia rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn igi ilẹ̀ wa náà! Láti inú hóró tí kò ju èékánná lọ ló ti tọ́ ọ. Kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, síbẹ̀ ara rẹ̀ hun jọ bí igi etí òkun tí ìjì ti lù láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, òdòdó rẹ̀ nàró lórí ẹ̀ka bí ṣúkù àgbàdo tí wọ́n rì bọ oyin. Bí o bá wò ó pẹ́, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró òkun.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ìbàdí Nerida, èmi ló gbé igi náà fún. "Lyle, omi nìkan o. Inú iyanrìn tálákà tí kò lọ́ràá ni wọ́n bí i sí. Oúnjẹ ni májèlé rẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Etí gbọ́ lóòótọ́, ọkàn ni kò gbà. Mo fẹ́ kí Nerida padà wá bá a tòun tòdòdó, kó lè yìn mí. Ni mo bá bu ajílẹ̀ tí mo fi ń bọ́ tòmátì mi sí i. Ewé rẹ̀ pọ́n bí èyí tí iná jó. Èmi òmùgọ̀, mo rò pé ebi ló ń pa á. Mo tún bù kún un.

Igi kú. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù nìyí. Nerida fi ọ̀pá rìn wá sí ìpàdé tí mo gbé e lọ, ó fọwọ́ kan ẹ̀ka gbígbẹ náà, ó ní, "Àbí mo gé gbòǹgbò rẹ̀ jù nígbà tí mo pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ni?" Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá. Ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n díẹ̀." Vern pàápàá ò rí yẹ̀yẹ́ ṣe. Láti ọjọ́ náà, Nerida kò tún fọwọ́ kan igi kankan mọ́. Lánàá ni mo gbọ́ pé ó fẹ́ pín gbogbo igi rẹ̀ fún èèyàn, pé ó ní ọwọ́ òun ti di ọwọ́ tí ń pa igi.

Mo lọ bá a láàárọ̀ yìí. Mo jẹ́wọ́. Kò pariwo.

"Nígbà tí ewé kọ́kọ́ pọ́n, kí ló dé tí o ò pè mí? Ǹ bá ti ní kí o fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bóyá kì bá tí kú."

"Ẹ̀rù bà mí. Ọwọ́ yín ò jẹ̀bi, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín àwọn tó kù. Ẹ dárí jì mí."

Ó yí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wò, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó fa àwo igi kan súnmọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn ewé tó ti gbó.

"Ìyá, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

"Lyle, má bi mí léèrè ohunkóhun mọ́. Mi ò ní dáhùn."