Èmi Ni Mo Ní Kí Bọ̀dá Yísà Tú Àmì Ara Ọ̀pẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ọkùnrin kan wà ní Araromi-Obu tí àwọn ènìyàn ń fojú olè wò láti ayé ìjọba ológun. Kò jalè. Mo mọ̀ pé kò jalè, nítorí èmi ni mo ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo wà ní ọmọge ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Awò ni mo fi ń kàwé báyìí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí ni pé ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ fẹ́ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú ọmọ ọ̀pẹ tuntun fún gbogbo wa. Ní ìpàdé tó kọjá, ẹnìkan dárúkọ rẹ̀. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn béèrè láti ẹ̀yìn pé, ṣé Yísà tó pààrọ̀ ọ̀pẹ ọlọ́pẹ nìyẹn? Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dárúkọ rẹ̀ rọra jókòó. Alága ní kí á fi ọ̀rọ̀ náà sí ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Nígbà náà, mo ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ kan tó ń hu ọmọ ọ̀pẹ fún àwọn àgbẹ̀, lójú ọ̀nà Ore sí Odigbo. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ti kógbá sílé tipẹ́.

Ayé le gan-an. Wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù káàkiri, ẹni tó bá jí tó ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́ ń dúpẹ́. Ọ̀gá wa jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí inú bá bí i, àgbàlagbà ló máa ní kó kúnlẹ̀ sínú oòrùn. Mo rí awakọ̀ wa tó kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá fún un. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú mi. N kò ní purọ́ fún yín, kò tíì jáde tán.

Bọ̀dá Yísà ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ọ̀pẹ. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Bàbá rẹ̀ wá ṣe àgbàro nínú oko kòkó láti apá Ìlọrin, wọn kò sì padà mọ́. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n Sisí Kọ̀ǹpútà ló ń pè mí. Bó bá rí mi pẹ̀lú bàtà gíga nínú ẹrẹ̀, yóò ní kí n rọra o, kí n má lọ gbin ara mi síbẹ̀, nítorí òun kò ní ọ̀rá dúdú, èyí tí à ń gbin ọmọ ọ̀pẹ sí, tó lè gbà mí.

Oríṣi ọ̀pẹ méjì ni a ní. Èkínní ni àgíríìkì, tí ẹran rẹ̀ pọ̀, tí èèpo ẹkùrọ́ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Èkejì ni ti ìbílẹ̀, tí ẹkùrọ́ rẹ̀ tóbi, tí èèpo rẹ̀ nípọn, èyí tí àwọn tó ń ṣe àdín máa ń fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ṣì kéré, kò sí ẹni tó lè fi ojú dá wọn mọ̀. Àfi tí wọ́n bá so, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan.

Nítorí náà ni a ṣe ń so àmì mọ́ wọn. Bọ̀dá Yísà ló ń gé agolo mílíìkì sí wẹ́wẹ́, tó ń fi ìṣó kọ lẹ́tà sí i lára. Nígbà tó yá, mílíìkì di ohun tí à ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán, agolo sì wọ́n. A wá ń tú àmì kúrò lára èyí tí a bá ti kọ irú rẹ̀ àti ìlà tí yóò wà sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì fi so mọ́ òmíràn. Bí a bá ti tú u, kọ̀ǹpútà nìkan ló kù tó mọ irú ọ̀pẹ tó jẹ́.

Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Bọ̀dá Yísà. Kò gbọ́dọ̀ tú àmì kankan títí n ó fi yọjú lójú fèrèsé, kí n sọ pé, "Ó ti wọlé."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí. Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní yàrá inú, Ìyá ni a ń pè é. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi kéré, a ń pè é ní Ọmọ. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Ohun tí mo bá tẹ̀ sínú Ọmọ, ọ̀dọ̀ Ìyá ló ń lọ, ibẹ̀ ni a ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹnjiníà tó wá láti Ìbàdàn ló tò wọ́n. Ó tò ó débi pé Ìyá kò ní dá Ọmọ lóhùn àfi tó bá ti kọ ohun náà sórí díìsìkì, níbi tí iná kò ti lè mú un lọ mọ́. Títí ìdáhùn yóò fi dé, Ọmọ á dúró, èmi náà á dúró.

Ẹnjiníà sọ fún mi pé ọ̀nà mìíràn wà. Ìyá lè dáhùn ní kíá pé òun ti gbà á, nígbà tó jẹ́ pé ó kàn dì í mọ́wọ́ ni, kó wá máa kọ ọ́ sórí díìsìkì nígbà tó bá ráyè. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ kó tó ráyè, ohun tó dì mọ́wọ́ ti ṣòfò. Ọmọ kò sì ní mọ̀, nítorí wọ́n ti dá a lóhùn. Ó ní níbi tí iná bá ti ń ṣe ségesège bíi tiwa, kí a má dán an wò. Bátìrì tó yẹ kó gbé Ìyá ró ti kú, wọn kò ra òmíràn. Jẹnẹrétọ̀ kò rí epo dísù mu.

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yé mi yékéyéké. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí jù nìyẹn.

Ọ̀gá wá kéde pé àwọn àlejò ìjọba ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Gbogbo ọmọ ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó dé, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ṣẹ́kù, kó máa múra ilé. Ìyá lọ́ra. Mo lè fi omi tẹ gààrí, kí n mu ún tán, kí ìdáhùn tó dé. Mo ti rí ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà fi ń ṣí Ìyá, nítorí ojú mi ló ti tẹ̀ ẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo wọ yàrá inú. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo yí padà, kí Ìyá lè máa dáhùn kó tó kọ ọ́ sórí díìsìkì.

Láti ìgbà náà, bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìdáhùn ń dé. Ọ̀gá kọjá, ó ní mo ń gbìyànjú. Bọ̀dá Yísà ní tirẹ̀ béèrè pé, "Sisí, ṣé Ìyá yín ti mu àgbo ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí di òní.

Ọjọ́ kan, òjò ṣú. Ọ̀wọ́ méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ àgíríìkì fún Bàbá Fọlá, àgbẹ̀ kan ní Ajue tó ti dá oko rẹ̀ sílẹ̀ dè wọ́n. Èkejì jẹ́ ti ìbílẹ̀. Bọ̀dá Yísà ń pe ohun tó wà lára àmì, mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo parí, mo ní kí Ọmọ fi pamọ́, Ìyá sì dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo yọjú, mo sọ pé ó ti wọlé. Ó tú àwọn àmì náà, àwọn lébìrà sì ń gbé ọ̀pẹ lọ sí ìlà tuntun, ọ̀wọ́ kan sí apá ògiri, èkejì sí òdìkejì. Kò tíì tú èyí tó kẹ́yìn tán tí iná fi lọ.

Nígbà tí iná dé, mo ṣí i wò. Gbogbo ohun tí a kọ nípa ọ̀wọ́ méjèèjì kò sí níbẹ̀.

Ká ní mo sáré jáde nígbà yẹn, Bọ̀dá Yísà ì bá ṣì rántí. Ó mọ àwọn ọ̀pẹ wọ̀nyẹn bí ẹni mọ ọmọ inú ilé. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó kúnlẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn. Mo jókòó, mo fi orí ara mi kọ ọ́. Mo kọ pé àwọn tó wà lápá ògiri ni àgíríìkì. Lẹ́yìn náà, mo dá ọ̀rọ̀ tí mo yí nínú Ìyá padà sí bí Ẹnjiníà ṣe fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ Ajue wá kó ẹrù, Bọ̀dá Yísà wá bá mi. Ó ní lójú tòun, àwọn tó wà lápá ògiri ni ti ìbílẹ̀. Mo dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí Ìyá bá ti sọ̀rọ̀, ta ni òun tí òun ó bá Ìyá jiyàn. Ó lọ kó wọn sínú ọkọ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Àwọn ológun ṣì wà lórí àlééfà nígbà tí ọ̀pẹ Bàbá Fọlá so. Ẹkùrọ́ ńlá, èèpo nínípọn, ẹran bíńtín. Ó kó díẹ̀ sínú àpò wá sí ọ́fíìsì, ó sì dà á sórí tábìlì Ọ̀gá.

Wọ́n ní Yísà ti ta ojúlówó ní Ore, ó fi ti ìbílẹ̀ dípò. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà pé kó wá yẹ Ìyá wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a bó ṣe tò ó gan-an. Ó sọ òtítọ́ tó mọ̀, pé bí a ṣe tò ó yìí, ohun tí Ìyá bá ti dáhùn sí kò lè sọnù. Ọ̀gá wá kọjú sí mi. Mo sọ pé, "Sà, kọ̀ǹpútà kì í parọ́."

Ọ̀gá mú Bọ̀dá Yísà lọ sínú oòrùn, ó ní kó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sì kọjú sí fèrèsé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ojú olè kọ́ ló fi wò mí. Ó ń wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tó bá ń retí kí n sọ pé ó ti wọlé. Mo ti fèrèsé.

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Bàbá Fọlá kò hú ọ̀pẹ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ́ ẹkùrọ́, ó ń ṣe àdín, ohun tí wọ́n fi tọ́ ọmọ nìyẹn títí bàbá náà fi kú. Fọlá ló ni oko náà báyìí. Ní tèmi, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dín òṣìṣẹ́ kù ni mo ń yè é. Mo wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ìpàdé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo gun ọ̀kadà lọ sí Araromi-Obu. Irun Bọ̀dá Yísà ti funfun. Ó ń bomi rin àwọn ọmọ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé rẹ̀, àmì agolo sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dáwọ́ omi dúró títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ti ìbílẹ̀ ló wà lápá ògiri. Láti ọjọ́ yìí wá, mo ti rò pé orí mi ló dàrú."

Ó ní kí n dìde, aṣọ mi ń bàjẹ́. Ó lọ mú ọmọ ọ̀pẹ kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní àgíríìkì ni, kí n lọ gbìn ín. Mo bi í bóyá ó ti dárí jì mí. Ó wò mí, ẹ̀rín díẹ̀ sì yọ lójú rẹ̀.

"Èmi nìkan lẹ ṣì sọ ọ́ fún, Sisí. Kò tíì wọlé."

Mo ti gbin ọ̀pẹ náà sẹ́yìn ilé mi. Ó ti yọ ewé tuntun. N kò tú àmì ara rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín ju tèmi lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Fọlá ní Ajue, kó má bàa jẹ́ pé láàárín èrò ni yóò ti gbọ́ ohun tó ba oko bàbá rẹ̀ jẹ́? Àbí kí n kọ́kọ́ dìde nípàdé, nítorí Bọ̀dá Yísà? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn yóò gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi, àti pé àwọn ọmọ mi yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́. Ìyẹn ti parí.

Bí mo bá sì sọ ọ́ tán nípàdé, n kò ní jókòó. N ó wà lórí ìdúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.