Abẹ́rẹ́ Méjì Tí Mo Gún fún Àjàyí

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn tó mọ̀ mí ní agbègbè Ìlọfà mọ̀ pé bí mo bá ní òòrùn ń ràn, wọn á kọ́kọ́ yọjú síta wò ó. Aláwàdà ni mí, ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba eléyìí gbọ́. Mo pa irọ́ kan nígbà èwe mi, gbólóhùn kan péré ni, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni lápá.

Fọlákẹ́, ọmọ Bàbá Ẹlẹ́mu, ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó fẹ́ gbé e níyàwó dá ìdáná dúró. Wọ́n ní àwọn ò lè fẹ́ ọmọ ẹni tó ń fi èpè wọ́ ọmọ ènìyàn lẹ́nu. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé èpè kọ́.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Èmi ni mo ń ṣe dísípẹ́nsà ní ìletò wa. Àjàyí, géńdé àgbẹ̀ kan, ní egbò tó ń ṣọyún lẹ́sẹ̀, mo sì ń gún un ní pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó dé tòun ti ọkọ́ léjìká.

"Dísípẹ́nsà, gún tòní àti tọ̀la pọ̀ fún mi. Ọ̀la ni àáró kàn mí. Ẹni méjìlá ló ń bọ̀ wá kọ ebè mi. Bí n kò bá ṣíwájú wọn, wọn á ní ọ̀lẹ ni mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìdí rẹ fẹ̀ tó, á gba méjì."

Mo gún méjèèjì tẹ̀léra. Ẹ̀jẹ̀ yọ nínú abẹ́rẹ́ kejì. Ó yẹ kí n fà á jáde. N kò fà á.

Kò tíì rìn dé ìdí igi ọsàn iwájú ilé tó fi figbe ta. "Mo ń kú lọ! Ẹ gbà mí!" Ojú rẹ̀ ń yí. Ó ń bá ẹni tí a kò rí jà. Ó gbá ìyàwó rẹ̀ tó sáré dé ní ẹ̀ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì forí sọ ògiri. Nígbà tó ṣubú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ahọ́n rẹ̀ wúwo, apá òsì rẹ̀ kò ṣeé gbé. Gbogbo ènìyàn ní ẹ̀gbà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan rántí ìjà àná. Àjàyí àti Bàbá Ẹlẹ́mu, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni wọ́n jọ jà nítorí ọ̀pẹ kan, tí bàbá sì ní, "Ẹnu tí o fi ń bú mi yìí, yóò wọ́!" Ọ̀rọ̀ tí àgbà máa ń sọ bí inú bá ń bí i ni. Àwọn géńdé ilé Àjàyí lọ fà á jáde nílé, wọ́n wọ́ ọ wá síwájú dísípẹ́nsárì.

Kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè, àbúrò Àjàyí kọjú sí mi. "Ìwọ tí o kàwé, ṣé àìsàn ni àbí ọwọ́ ènìyàn?"

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún wa pé bí oògùn yẹn bá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó lè da ọpọlọ rú, kí ènìyàn ṣe bí wèrè, kó dà bí ẹni tí ẹ̀gbà mú, kí gbogbo rẹ̀ sì tún lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo àdá tó wà lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Èyí kì í ṣe àìsàn dísípẹ́nsárì."

Wọ́n fi ẹ̀yìn àdá lù ú. Wọ́n fi ọmọ odó gbá a léjìká.

"Kó èpè rẹ! Bàbá burúkú, kó o!"

"Mo ti kó o, ẹ̀yin ọmọ mi! Mo ti kó o!"

Wọ́n wo Àjàyí. Ẹnu rẹ̀ kò tíì tọ́. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí apá bàbá ṣẹ́, ó dún bí ẹ̀ka gbígbẹ. Ẹ̀jẹ̀ bo irùngbọ̀n rẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo di ìgò oògùn tó ti ṣófo mú nínú àpò ṣòkòtò mi.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ẹlẹ́mu kò gun ọ̀pẹ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbìyànjú láti sọ òtítọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo tún ti dé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá àwọn tó fẹ́ fẹ́ Fọlákẹ́ ni? Àbí kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì níwájú àwọn tó lù ú? Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àjàyí fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn. Ẹnu rẹ̀ ti tọ́, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, ó ń lọ síbi àáró. Ó na àkùkọ kan sí mi.

"O kú iṣẹ́ o, Dísípẹ́nsà. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ tí o sọ òtítọ́ fún wọn."

Mo so àkùkọ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Bàbá Ẹlẹ́mu dé lórí pákó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di apá rẹ̀. Ó la ojú kan tó ṣì ṣeé là.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ọ. Nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan ni kò nà mí."

Mo ń di apá rẹ̀ lọ. Títí di òní, n kò tíì sọ fún un pé abẹ́rẹ́ mi ni.