Ìgò Omi Tí Wọ́n Fi Wáyà Wé

Nígbà tí wọ́n ti bodà pa, tí wọn ò sì jẹ́ kí epo kọjá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ Ìláròó sí Owódé, láàárín ìyá àgbà kan àti ọmọbìnrin tó gbé ìgò tí wọ́n fi wáyà wé sórí ẹsẹ̀.

“Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe bẹntiróòlù nìyẹn?”

“Omi ni, Màmá. Tí mo bá fi iná bátìrì sí wáyà yìí, tí mo sì pa á, omi náà á ké tín-ín-rín nínú íápíìsì tí mo bá fi sétí. Níbi tí irin bá wà lábẹ́ ilẹ̀, ohùn rẹ̀ á yí padà.”

“Irin wo lò ń wá?”

“Ìdérí kànga àtijọ́ ilé wa. Igbó ti bò ó, ó á ti dípẹtà. Àwọn ọmọdé sì ń ṣeré níbẹ̀.”

Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní bẹntiróòlù ló wà nínú ìgò náà, àfi kí ọmọbìnrin náà mu ún. Ó mu ún lójú wọn, wọ́n sì ní ká máa lọ.

Ìyá náà mí kanlẹ̀. “Ṣé kò ti bà jẹ́ báyìí?”

“Rárá, màá bu omi míì sí i. Olùkọ́ mi ní kẹrosíìnì ni kí n lò, pé ìyẹn dáa jù. Mo ní, ‘Sà, ọ̀nà bodà ni mò ń gbà.’”