Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Kan

Ẹ má tíì gbé Màmá jáde. Ẹ sọ fún àwọn tó ni ọkọ̀ òkú pé kí wọ́n ṣe sùúrù, mo mọ̀ pé wọ́n ti ń wo aago. Ẹ̀yin márùn-ún tá a fẹ́ jọ gbé pósí, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Èmi Gbénró, tẹ́ ẹ fi ṣe chairman ẹ̀kùn London yìí fún ọdún méjì, tí mò ń fi kẹ̀kẹ́ arọ ti Màmá Phoebe wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sunday, tẹ́ ẹ ń sọ pé ọmọ gidi ni mí sí wọn, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ bá Màmá wọlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé wọn kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn kí n tó sọ ọ́, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé. Mo mọ ara mi. Ojo ni mí.

Obed wà níta níbẹ̀ yẹn, òun àti Adùnọlá ìyàwó rẹ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kó wọ ibí. Kenneth, jọ̀ọ́, ṣí ilẹ̀kùn yẹn gbayawu kó lè gbọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ò bá ìjà náà, ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 2011, ìjọ kan ṣoṣo ni wá, nínú gbọ̀ngàn àyágbé kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lẹ́yìn Powis Street. Bàbá tó dá wa sílẹ̀ kú, àwọn ará Woolwich ní èmi ni kí n jẹ olórí, àwọn ará Thamesmead ní Obed ni. Ọ̀rẹ́ mi ni Obed o. Ọdún kan náà la dé ìlú yìí, garage kan náà la ti jọ ń wa bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ di ìjà lórí àtẹ̀gùn, tèmi tòun nínú sùtánà funfun. Mo di ọ̀pá Bàbá mú, Obed di ìdí ẹ̀ mú. Màmá Phoebe fa aṣọ mi lẹ́yìn, wọ́n ní, "Gbénró, fi í sílẹ̀. Ọ̀pá lásán ni." Mo gbọ́ ohùn wọn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: mo mọ̀ pé Màmá ni. Mo fi ìgúnpá gbá wọn dànù.

Wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn títí dé ìsàlẹ̀. Obed ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gbé orí wọn lé itan rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn máa fi rọ́ wọlé láti ìta, Obed ni wọ́n bá lórí wọn. Èmi wà lókè pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo: "Obed ti pa Màmá o!" Eegun ìbàdí Màmá kán. Wọn ò fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ọdún méjì gbáko la fi ń bá ara wa ṣọ̀tá. Ó wá sú àwọn àgbà ìjọ nílé, níbi tí a ti wá. Wọ́n ní kí London máa ṣèjọba ara rẹ̀, ká máa yan òjíṣẹ́ wa, ká máa dá ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ ṣe é ni. Kenneth, ọmọ-ọmọ Màmá, tó kàwé ní Belfast, ló bá wa tò ó. Ó ní, "Daddy Gbénró, níbẹ̀, àwọn people tó ti fight ara wọn for years ló jọ wà nínú government. Ìkan ò lè ṣe nǹkan kan láìsí ìkejì. Tí side kan bá walk out, gbogbo ẹ̀ collapse nìyẹn." Èmi di chairman, Obed di igbákejì, agbára wa sì dọ́gba. Ìwé kan ò lè jáde láìsí ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ rẹ̀. A wá gba gbọ̀ngàn yìí nítòsí Tavy Bridge, a so àgádágodo méjì mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ Obed. Ẹni kan ò lè dá wọlé. Àwọn ará àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹ rántí pé ó ṣiṣẹ́! Ọmọ Woolwich fẹ́ ọmọ Thamesmead nínú ilé yìí, èmi àti Obed la jọ gbàdúrà fún wọn.

Egbò náà ṣì wà lábẹ́ aṣọ. Ta ló ti Màmá? Nínú rògbòdìyàn yẹn, èmi àti Màmá nìkan ló mọ̀. Kenneth ní kí gbogbo ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà kọ ohun tó rí, kó kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn, kó lẹ̀ ẹ́ pa, ká kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí lábẹ́ pẹpẹ, ká gbàdúrà ọjọ́ mọ́kànlélógún, ká wá ṣí i lójú gbogbo ìjọ. Ó ní a ò ní fìyà jẹ ẹnikẹ́ni, òtítọ́ nìkan la fẹ́. Ẹ gbọ́ o: kò sí ìyà! Síbẹ̀ oorun ò kun ojú mi. Àánú Màmá tẹ́ ẹ rò pé Obed tì lẹ fi gbé mi sípò. Bí àánú yẹn bá yí padà, kí ló kù fún mi?

Sùtánà wa ò ní àpò, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà la ń bọ́ bàtà sí. Inú bàtà òsì ni Obed máa ń ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Ní Sunday kan láàárín ọjọ́ àdúrà náà, bẹ́ ẹ ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀, mo yọ ọ́. Mo gbé kóòtù wọ̀ lé sùtánà, mo wọ bọ́ọ̀sì 177 lọ sí Powis Street, mo ní kí ọkùnrin tó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ gẹ́ irú rẹ̀ fún mi. Ó rí funfun lábẹ́ kóòtù mi, ó ní kí n gbàdúrà fún òun. Mo ní màá ṣe é. Kẹ́ ẹ tó parí ìwàásù, kọ́kọ́rọ́ Obed ti padà sínú bàtà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo dá wọ ibí. Mo tú ìwé Màmá. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: "Ìgúnpá Gbénró ló gbá mi. Mo ti dárí jì í láti ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ara á tù ú." Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tí wọ́n ti dárí jì, kí ló tún ń bà á lẹ́rù? Ẹ má bi mí, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo fi tákàdá òfìfo sínú àpò ìwé tuntun, mo kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ pa.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjọ́ tí a máa ṣí àpótí pé, Kenneth fa tákàdá funfun yọ nínú àpò ìwé Màmá, ariwo sọ. Àgádágodo ò já, ilẹ̀kùn ò fọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé Obed ti lọ gẹ́ ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ mi. Ẹ wo ojú mi bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó yìí: ohun tí mo ṣe gan-an ni mo fi kan ọ̀rẹ́ mi. Màmá nawọ́ sókè lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Kì í ṣe Obed. Obed kọ́ ló tì mí."

Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi níbẹ̀, èmi ni mo tì í. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá Màmá wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣubú ni iyè wọn ti ra. Àná ni wọ́n ń fi orúkọ bàbá Kenneth pe Kenneth." Ẹ mirí, ẹ ṣe "pẹ̀lẹ́, Màmá." Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Bí iyè mi bá ti ra, mi ò ní sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí mọ́." Obìnrin tó ti ń ríran fún wa láti ogójì ọdún! Wọn ò ríran kan sọ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ̀ ń pè é ní ọjọ́ ogbó. Èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Obed fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó jáde. Àwọn ará Thamesmead tẹ̀ lé e, ìjọba wa dàwó, àwọn àgbà ìjọ nílé gba agbára padà, wọ́n rán ẹni tí kò mọ̀ wá wá máa ṣàkóso wa. Adùnọlá kí yín ní Powis Street, ẹ kọjú sí gíláàsì ṣọ́ọ̀bù. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá yìí, Màmá ní kí n gbé àwọn lọ wo odò ní Royal Arsenal. A ń wo ọkọ̀ ojú omi tó ń já èrò sílẹ̀. Wọ́n ní, "Gbénró, ṣé kò sí nǹkan tó o fẹ́ sọ fún mi?" Mo ní, "Kò sí, Màmá." Wọ́n ní, "Ó dáa. Yí kẹ̀kẹ́ padà, òtútù ti ń mú mi." Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bi mí nìyẹn.

Ìwé wọn rèé. Mi ò lè dáná sun ún. Kenneth, gbà á, o mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá bàbá rẹ. Ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà rèé. Ìka tó ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé. Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe ìgúnpá ló bà mí jẹ́. Ìṣẹ́jú kan ò tó ìyẹn ṣe, Màmá sì ti dárí rẹ̀ jì mí. Bíbò tí mo bò ó ló jẹ gbogbo ilé wa run. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run.

Obed, mi ò ní kó o dárí jì mí lónìí. Ṣáà wọlé. Ipò mi lábẹ́ pósí, lápá iwájú níbi orí wọn, ìwọ ló ni ín. Ìwọ lo gbé orí yẹn lé itan nígbà tí èmi ń pariwo. Èmi á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ó yá, ẹ gbé wọn.