Ata Rodo Inú Garawa

Orí ìlà búrẹ́dì la wà ní àdúgbò Sabíìlì, ní ìlú Jídà nílẹ̀ Saudi, nígbà tí Àlàájà kan gbá ọ̀dọ́bìnrin tó tò sẹ́yìn ẹ̀ mú lápá:

"Ata rodo mi ti yọ òdòdó o!"

"Háà, Àlàájà! Tèmi, bí mo bá ti hú u kúrò nínú ife kékeré láti tún un gbìn báyìí, ó rọ nìyẹn."

"Ta ló ní kó o máa hú u? Inú garawa ńlá ni mo gbin kóró tèmi sí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì dá ìdí ẹ̀ lu kómi má bàa dúró."

"Ṣebí ẹ sá kúrò ní àdúgbò Núsìlà nítorí àwọn ọlọ́pàá tó ń béèrè ìkámà, ìwé àṣẹ ìgbélùú?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì la ti kó! Orí ni mo fi ru garawa. Gbòǹgbò ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé a kó!"

Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá garawa tó lè gba èmi náà."